Ẹ Jẹ́ Kí Àlàbí Dojú Bolẹ̀

Agbo-ilé wa, Gàmbàrí, Ìlọrin.
Ọjọ́rú, nínú oṣù ààwẹ̀.

Ṣàmsúdéènì ọmọ mi,

Munirah, ọmọ Àlàbí àbúrò rẹ, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé èmi kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni mo ní kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un, kó má sì fo ibi tó bá le nítorí pé bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ ọ́ tán, yóò yà á sínú fóònù, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ ní Kàdúná kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kó sì gba ààwẹ̀ yín. Ara tèmi le. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lánàá, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì. O ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀, èmi àti Bàbá Sàlíhù ti parí ẹ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ ọ́. Ìwé kò ṣeé já lẹ́nu. Mo gbọ́ pé ẹ ti ní kí wọ́n gbé Àlàbí kúrò ní ọsibítù lọ́la, kí wọ́n gbé e wá sílé, àti pé o ti bá Màmúdù onímọ́tò sọ̀rọ̀ pé kó lọ gbé e. Mo fẹ́ kí o dá ọ̀rọ̀ náà padà lónìí. Bí wọ́n bá gbé Àlàbí kúrò níbẹ̀, yóò kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu Bàbá Sàlíhù àbúrò bàbá yín lo ti gbọ́ ọ, Bàbá Sàlíhù kò sì sí nílé nígbà náà. Òfìnkìn ni. Ó mú ọmọ kan ní ilé kéú, ó mú ìyókù, ó mú gbogbo wa nínú ilé. Ara àwa yòókù ti yá. Ti Àlàbí lọ sínú. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, síbẹ̀ ó ń gbààwẹ̀, ó sì ń lọ ṣe lèmọ́mù fún àwọn èèyàn nírun àṣámù lálaalẹ́. A ní eruku ọyẹ́ ni.

O mọ bí àbúrò rẹ ṣe ń ké kéú, tó máa ń fi èémí kan ṣoṣo la ẹsẹ gígùn já. Lásìkò yẹn, súrà kúkúrú kúkúrú ló ń ké. Inú àwọn ará mọ́sálásí dùn. Wọ́n ń kí i pé, "Àfáà, ẹ ṣàánú ẹsẹ̀ wa lónìí o, Ọlọ́run á ṣàánú yín." Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ lèmọ́mù mìíràn mọ́ láyé. Àlàbí rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èémí ni kò tó o mọ́. Hadiza ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé tó bá ṣe àlùwàlá tán, ó máa ń jókòó pẹ́ kó tó lè dìde. Mo lọ wò ó. Ètè rẹ̀ ti ṣú bí ẹni fi aró nu ẹnu. Mo ní kí wọ́n pe kẹ̀kẹ́ wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá. Ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe kòrónà, ìbátan rẹ̀ ni, kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ó ní ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóóró, èyí tí àwa ń pè ní fùkù bí a bá pa àgbò iléyá. Ó ní àpò wíwẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Kòkòrò náà ti dá egbò sí ara àwọn àpò yẹn, omi ara sì ń sun sínú wọn. Mo bi í pé ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tó lè pa á ni. Ó ní àwọn ń fún un lóògùn, ṣùgbọ́n kòkòrò nìkan kọ́ ni wàhálà mọ́, egbò tó dá sílẹ̀ ni, egbò inú kì í sì í yára jiná. Kó tó jiná, ọ́síjìn ni yóò máa gbé e ró. Mo mọ fùkù. Mo ti fọwọ́ kàn án láìmọye ìgbà: ó fúyẹ́, bí o bá tẹ̀ ẹ́ á rọ̀, á tún wú padà. Ti ọmọ mi ti rin gbingbin bí tìmùtìmù tó já sómi. Munirah, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Ohun tó bí Bàbá Sàlíhù nínú ni bí wọ́n ṣe tẹ́ Àlàbí. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, àyà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà ní apá ẹ̀yìn ni fùkù pọ̀ sí jù. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwúwo àyà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dojú bolẹ̀, apá ẹ̀yìn á ráyè mí. Bàbá Sàlíhù wọlé, ó rí i, ó figbe ta. Ó ní ìsùn tí Ànábì kọ̀ nìyẹn, bí ikú bá bá a báyìí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Kí n tó fi orúnkún yìí dìde, ó ti fa Àlàbí lápá, ó ti yí i padà, ó ní, "Sùn bí mùsùlùmí." Ṣàmsúdéènì, ẹ̀rọ tí wọ́n há mọ́ ọmọ náà níka bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ojú rẹ̀ yí. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹja inú agbọ̀n. Wọ́n sáré dé, wọ́n tún dà á dojú bolẹ̀, ó sì pẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́. Mo rí i. Bàbá Sàlíhù náà rí i, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún ọ ni pé ọ́síjìn ló ń pa á.

Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, aláìsàn kì í gbààwẹ̀, orí ìjókòó ló sì ti ń kírun. Ọlọ́run tó gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ìsùn ni kò ní gbà?" Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀dọ̀ àfáà wo lo ti kéwú?" Mo ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ mi ni, bó bá fẹ́ jiyàn kó lọ bá a ní sàréè. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi tìẹ, torí bàbá yín ti kú, ìwọ sì ni àkọ́bí. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ló wà.

Ìwọ náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí nímú kì í bọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ̀. Ẹni tó bá ń rì lódò ni wọ́n ń na igi sí. Bó bá rì, ṣé igi ló pa á?

Mi ò purọ́ fún ọ. Dókítà kò ṣèlérí. Ó ní ó lè burú ju báyìí lọ, tí wọn yóò fi ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Bó bá sì yè é, egbò náà lè di àpá, ibi tó bá ti di àpá á gan bí awọ tí a sá sóòrùn, kò ní fẹ̀ mọ́. Ó lè máà lè ké kéú gígùn mọ́. Hadiza sunkún nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Èmi kò sunkún. Ọmọ tó ń mí díẹ̀díẹ̀ wù mí ju ọmọ tí a ń ṣe fídáù fún. Bí mo bá jókòó tì í, mo máa ń bá a mí láìmọ̀. Bí èémí rẹ̀ bá dúró, tèmi náà á dúró, n ó máa retí, títí yóò fi tún fà á.

Àwọn tí o máa bá sọ̀rọ̀ nìyí. Kọ́kọ́ pe Bàbá Sàlíhù kí ẹ tó ṣínu. Má sọ pé ìyá mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Sọ pé ìwọ lo tún ọ̀rọ̀ rò, torí kò ní gbà á lọ́wọ́ mi, èmi kò sì wá iyì níbẹ̀. Ní kó má fọwọ́ kan ọmọ náà mọ́. Lẹ́yìn náà, pe Màmúdù kó má wá. Lẹ́yìn ìyẹn, pe Hadiza, torí ó ti di ẹrù ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í. Bí ọ̀rọ̀ bá wá yí sí ọ̀nà kejì, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ́kọ́ jẹun. Ẹ má sọ pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ. Á dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ, kò ní jẹ́ kí o jókòó ti ọ̀kankan nínú wọn bí mo ṣe ń jókòó yìí. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì bí Àlàbí,
Hàlímọ̀tù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: Wọn ò dúró di ọ̀la. Munirah ń ka ìwé yìí fún mi lọ́wọ́ ni Màmúdù gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà agbo-ilé wa, kí wọ́n tó kọjá lọ sí ọsibítù; Bàbá Sàlíhù ló lọ pè é. Mo ti wọ inú mọ́tò náà, mo ti jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ Àlàbí sí. Orí itan rẹ̀ ni Munirah ti ń kọ èyí. Mo ti ní kí wọ́n gbé bútà àlùwàlá mi àti ẹní ìkírun wá bá mi. Bàbá Sàlíhù dúró síta, ó ń sọ pé, "Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀." Ẹni tó bá máa fi mọ́tò yìí gbé Àlàbí, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, mo sì wúwo. Pè wọ́n.