Àga Tó Kọjú Síná

Ẹ̀gbọ́n mi Fintan,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ kú ooru Ọsirélíà. Òtútù Mayo nílé níbí ò tíì pa wá. Àwọn adìẹ ti ń yé, orúnkún mi sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá. Láti Kérésìmesì tí ọkọ mi ti gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sókè ààrò tí a fi ń yáná ní pálọ̀ ni Bàbá ti sá lọ sí kíṣìnì tó tutù, tó ń wúkọ́. Ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà ni, tí mo fi ń gbójú sókè?" Packie aládùúgbò wa náà ò yà kí i mọ́. Ó ní àga wa tò bíi ti ibùdókọ̀, ẹnì kan ò rójú ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀, mo gbé e sí igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì to àwọn àga yí iná ká. Kó tó dìrọ̀lẹ́, Bàbá àti Packie ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń bú rẹfirí. Ikọ́ yẹn ti lọ.

Àga kan ṣẹ́ kù. Nígbà tó yá, Packie kúrò lórí tirẹ̀, ó jókòó sí i, Bàbá ní, "Dìde ńbẹ̀. Fintan ló ni ín."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé lọ́dún yìí. Ọlọ́run á gbé yín dé láyọ̀. Àga yín ti ń yáná dè yín.

Àbúrò yín,
Bríd