Kì Í Ṣe Ìwọ Ni Bàbá Rẹ Ń Juwọ́ Sí

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà,
Ìgèdè-Èkìtì.
Ọjọ́bọ̀, oṣù Ọ̀wàrà.

Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Oore-ọ̀fẹ́, ọkọ mi kékeré. Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bò yín ju gbogbo aṣọ tí ẹ ń kó wọ̀ lọ. Ní tèmi, orúnkún mi ṣì máa ń pariwo bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mo ń dìde. Ẹni tó bá ṣì ń dìde, kò yẹ kó ṣàròyé.

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni màá tún pa. Fúnkẹ́mi, ọmọ ìyá Ayọ̀rìndé aládùúgbò wa, tó ń padà sí Kánádà lọ́sẹ̀ yìí, ló máa mú un wá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi í sínú ẹrù tí wọ́n ń jù sábẹ́ bàálù, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí o pè wá lórí fóònù, o béèrè pé, "Màmá, kí ló dé tí Bàbá ò juwọ́ sí wa lónìí?" Mo ní wọ́n ń sùn. Moyọ̀, wọn kò sùn. Ojú wọn là sílẹ̀ kedere. Mo yí fóònù sọ́dọ̀ ara mi kí o má baà rí ọwọ́ náà, torí pé kò lọ mọ́. Ó kàn wà lórí àyà wọn níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á dùn ọ́. Mo ti ń gbé e mì láti ìgbà tí o ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́hùn-ún pé bàbá rẹ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ti ń juwọ́ sí ọ. O ní gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. O ní o máa gbé Oore-ọ̀fẹ́ wá nígbà Kérésìmesì kí ọwọ́ yẹn lè kan orí rẹ̀, kí bàbá ìyá rẹ̀ lè súre fún un. Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ ni bàbá rẹ ń juwọ́ sí. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Katapílà ni wọ́n ń ṣíná sí.

Má rò pé èmi náà tètè mọ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lẹ́yìn tí a gbé wọn dé láti ilé ìwòsàn ní Adó, olúkúlùkù ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bámgbóyè, katikíìsì wa, wò ó títí, ó ní àmì àgbélébùú ni Bàbá ń ṣe, pé àárẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ dé èjìká. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò wọn, ní wọ́n ń bá ẹnìkan jìjàkadì lójú oorun, o sì mọ Àbẹ̀kẹ́, ó dárúkọ ẹni náà. Ọmọbìnrin tó ń wá na apá àti ẹsẹ̀ fún wọn ní àmì dáadáa ni. Bí bàbá rẹ bá wá gbé ojú sókè sí igun àjà lápá òsì, tí wọ́n tẹjú mọ́ ọn, Àbẹ̀kẹ́ á bú sórin pé wọ́n ti ń rí ẹnubodè ọ̀run. Èmi náà á sì gberin. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo jókòó tì wọ́n, mo ń bó ẹ̀gúsí, ojú mi sì wà lára ọwọ́ náà. Mo rí i tí ìka méjì yí nǹkan kékeré kan. Ọwọ́ wá fa nǹkan jáde díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká nǹkan, ó ká a, ó ká a, ó sì já a lójijì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwo ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ká. Okùn ni.

O kò tíì wáyé nígbà náà. Ìjan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ìjọba sì ń la igbó fún oko ńlá kan lẹ́bàá ibẹ̀. Bàbá rẹ ló ń wa katapílà wọn. Ògbólógbòó irin tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ lọ ni; kò ní bátìrì, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹńjìnnì méjì ló wà lára rẹ̀. Kékeré ń mu pẹtiróòlù; wọ́n á ṣí tápù rẹ̀, wọ́n á fa ṣóòkì rẹ̀ jáde díẹ̀, wọ́n á wá ká okùn mọ́ ọn, wọ́n á sì já a kó tó ṣiṣẹ́. Ńlá ń mu dísẹ̀ẹ̀lì, kò sì sí ọwọ́ ẹ̀dá tó lè yí i. Nítorí náà, kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ jí, òun ni yóò wá máa yí ńlá títí tí ńlá náà á fi jí. Bàbá rẹ máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé, "Ọmọ ni í jí bàbá."

Nígbà ọlidé kan, ibà dá ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ dùbúlẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, bí wọ́n bá ní kí n gun ọ̀pẹ, màá gùn ún. Wọ́n fa okùn, ẹńjìnnì kékeré ké tatata, èéfín bo gbogbo ojú mi. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ti gbé agbọ̀n oúnjẹ mi, mo ní ó ti ṣiṣẹ́, ó dàbọ̀. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ọmọ ló jí yẹn o. Bàbá ṣì ń sùn." Odidi ọdún ni wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yọ mí lẹ́nu níwájú àlejò.

Wọ́n wá fi ìyókù hàn mí. Ẹńjìnnì ńlá ní ìmí tó máa ń sé mọ́ àyà, bí wọn kò bá sì tú u, ọmọ kò lágbára láti yí i. Ọ̀pá kan wà tí wọ́n fi ń tú ìmí náà sílẹ̀, bàbá rẹ ń pè é ní ọ̀pá ìmí. Nígbà tí wọ́n bá ti tú u, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọ̀pá mìíràn kí ẹńjìnnì kékeré lè di ńlá mú, ńlá á sì máa yí lójú oorun rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Ojú wọn á wà lára aago òróró lókè lápá òsì. Bí aago bá ti gòkè, ọwọ́ òsì ni wọ́n á fi ti ọ̀pá ìmí padà. Ńlá á gba ìmí rẹ̀, á sì bú, gbogbo igbó Ìjan á gbọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ti tápù pẹtiróòlù, kékeré á jó èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ tán, á dákẹ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ ti ṣe tirẹ̀, kó lọ sinmi." Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n pa ńlá, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Uṣẹ́ tán, ulé yá."

Ìyẹn ni pé aago òróró ni wọ́n ń wò ní igun àjà wa, Moyọ̀. A ti kọrin ọ̀run sí aago òróró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Láti ọ̀sán yẹn ni mo ti ń ka ọwọ́ náà bí ìwé. Wọ́n á ṣí tápù, wọ́n á ká okùn, wọ́n á já a, wọ́n á ti ọ̀pá, wọ́n á gbójú sókè. Wọ́n á wá dúró. Wọ́n á dúró títí iṣan ọrùn wọn á fi le. Lẹ́yìn náà ọwọ́ á já wálẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tápù. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n ré kọjá ibẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi. Iṣẹ́ ọwọ́ òsì ló kàn, ọwọ́ òsì bàbá rẹ sì ni àìsàn pa. Wọ́n ń dúró dè é. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n ń dúró de ọwọ́ tí kò ní wá mọ́.

Bí o bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi, tí o rí ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, okùn ni wọ́n ń ká. Ìwọ á gbé ọwọ́ Oore-ọ̀fẹ́ sókè, ẹ̀yin méjèèjì á máa juwọ́ padà, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. N kò ní ọkàn láti sọ fún yín. Bóyá èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìpè rẹ, mi ò lè wò ó mọ́. Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì lápá òsì wọn. Mo gbé ọwọ́ òsì náà sínú tèmi, ó tutù, ó wúwo bí aṣọ tí a kò tíì fún. Wọ́n ṣí tápù, wọ́n já okùn, wọ́n ti ọ̀pá, wọ́n gbójú sókè. Mo dúró títí iṣan ọrùn wọn fi le. Mo wá bá wọn ti ọ̀pá ìmí padà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìjan. Mo tilẹ̀ fi ẹnu bú bí ẹńjìnnì ńlá. Arúgbó bíi tèmi! Àbẹ̀kẹ́ sáré wọlé, ó rò pé àìsàn ti kọlu èmi náà.

Moyọ̀, àyà wọn gbé sókè. Wọ́n fa ìmí tí n kò rí kí wọ́n fà rí láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ojú wọn kúrò ní àjà, ó wá sójú mi, ó dúró lójú mi. Mo pariwo pé wọ́n ti jí. Mo ń pe oríkì wọn, mo ń sunkún, mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ gbé fóònù wá kí n pè ọ́. Àṣìṣe Ìjan ni mo tún ṣe, mo ti gbé agbọ̀n mi kí bàbá tó jí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn lọ síbi tápù, ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó tì í pa. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà lé àyà. Ojú wọn ṣì wà lójú mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìka kan tó mì.

Dókítà wá sílé lọ́jọ́ kejì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dí níbòmíràn nínú ọpọlọ wọn, pé bí kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, á ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe ohun tí mo ṣe ló fà á. Nígbà mìíràn mo máa ń gbà á gbọ́. Mo béèrè bóyá ohun kan wà tí a lè ṣe. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ká máa yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara wọn má baà bó, ká máa fún wọn ní omi díẹ̀díẹ̀. Ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn.

Nítorí náà, bí o bá lè wá nígbà Kérésìmesì, máa bọ̀, ṣùgbọ́n má wá nítorí ọwọ́ náà. N kò lè ṣèlérí pé wàá bá wọn. Bí o bá sì bá wọn, wọn kò ní mọ̀ pé o dé. Wá fọwọ́ kan orí wọn, nítorí pé tiwọn kò lè kan orí ọmọ rẹ mọ́. Bí ìjọ yín bá sì béèrè nípa ẹ̀rí tí o jẹ́, sọ pé ìyá rẹ ló dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lò ń pè wọ́n, "Bàbá, ẹ jí, èmi Moyọ̀ ni." Mo mọ̀ pé o gbà gbọ́ pé bí ìwọ bá pè tó, wọ́n á dá ọ lóhùn. Lóòótọ́ ni, ọmọ ni í jí bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dá a ṣe, ọwọ́ tí ì bá sì bá ọ ṣe é ti kú. Kò sí ohun tí o kò ṣe. O ti ṣe tìrẹ. Ti tápù, ọmọ mi, kí o lọ sinmi.

Ọlọ́run tó mọ iye ìmí tó kù fún olúkúlùkù kò ní gba tìrẹ láìtọ́jọ́. Oore-ọ̀fẹ́ á dàgbà lójú rẹ. Ọwọ́ rẹ méjèèjì kò ní fi ara wọn sílẹ̀. Ìyá Màríà á máa bá yín rìn nínú yìnyín yẹn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń bá bàbá rẹ jókòó,
Adéfúnkẹ́ Ọláoyè (Tíṣà).

Àfikún: Nǹkan tó wúwo nínú àpòòwé yìí, tápù pẹtiróòlù katapílà náà ni. Nígbà tí àwọn onírin ń gé e tà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá rẹ lọ bẹ̀ wọ́n, tápù yìí nìkan ni wọ́n rí gbà. Inú dúrọ́ọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rósárì, ló ti wà. Mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn láàárọ̀ yìí, mo ká àwọn ìka wọn lé e, ó jábọ́ sílẹ̀. Má jẹ́ kí Oore-ọ̀fẹ́ fi í sẹ́nu, òórùn pẹtiróòlù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Mo ti tì í. Má ṣí i.