Omi Tó Dúró Nínú Páìpù Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ tó ti ga jù mí lọ nínú fọ́tò. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí orúnkún Màmá sinmi díẹ̀. Ẹnu wọn nìkan ni kò tíì sinmi.

Ẹ rántí páìpù tí Bàbá ń tọ́jú nílé iṣẹ́ yìnyín wa, èyí tó ń fa omi òkun wọlé láti fi tu ẹ̀rọ lára. Ọwọ́ wọn ló tì í kẹ́yìn kí wọ́n tó filẹ̀ bora. A ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí ọ̀wọ̀. Omi òkun wá dúró sínú rẹ̀. Irin àdàlù tí wọ́n ní òkun kò lè jẹ ni, ó sì ń dán lóde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ṣí i. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, omi dúdú tẹ̀lé e. Páìpù ti di ajere.

Ọ̀gá wẹ́dà tí a pè wá wò ó ní, “Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló jẹ ẹ́. Omi tó ń ṣàn kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè jókòó. Ẹ̀yin lẹ fún wọn nílé.”

Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá Bàbá tí ẹ tì lẹ́yìn ìsìnkú, tí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ, ló wá sí mi lọ́kàn. Bí Bàbá ṣe máa ń fi ìka lu páìpù láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le, bẹ́ẹ̀ ni mo lu ilẹ̀kùn náà lánàá. Màmá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dáhùn pé, “Bàbá wọn, ṣé ẹ ti dé?”

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ yín. Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ ná.

Èmi àbúrò yín.