Àwọn Ọparun Abẹ́ Dẹ́kìn

Ọjọ́bọ̀, 3 Òkúdù 2004

Bùọ̀dá Abíọ́lá tún pè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Kíákíá lorúkọ wọn, torí kò sí nǹkan tí wọn kì í fẹ́ kó parí lónìí. Wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé wa ní Ìkòsí. Ilé náà ti dé dẹ́kìn, wọ́n ní, ṣùgbọ́n kò tíì ní páànù, kí ni obìnrin kan ṣoṣo fẹ́ fi kákáásì, ilé tí kò tíì parí, ṣe? Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Dayọ̀ ọkọ mi ló mọ ọ̀rọ̀ ilé. Oṣù tó kọjá la sin ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò tíì sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Òkúdù

Ibi iṣẹ́. Ilé. Búrẹ́dì.

Àbámẹ́ta, 5 Òkúdù

Mo lọ sí Ìkòsí. Òjò ti sọ iwájú ilé di ẹrẹ̀. Ọ̀gá Àtàndá, bíríkìlà wa, wà níbẹ̀ — ọmọ Ọ̀yọ́, afọ́nnu, lójú tirẹ̀ kò sí bíríkìlà tó mọṣẹ́ ní gbogbo Kòṣọ́fẹ́ àfi òun. Mo ní kó ṣàlàyé ilé náà fún mi látìsàlẹ̀ dókè, bíi pé ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ bó ṣe yé mi:

Ìpìlẹ̀ — kòtò tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n da kọnkéré sí kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibí rọ̀, odò ò jìnnà, torí náà wọ́n gbẹ́ ẹ jìn. Tí ilé bá ti gòkè, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́.

Jámánì fúlọ̀ — kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sínú yàrá, tí èèyàn ń tẹ̀. Mo bèèrè ohun tí ará Jámánì wá ṣe níbẹ̀. Kò mọ̀.

Líńtẹ̀lì — kọnkéré gbọọrọ tó ní irin nínú, tó dábùú orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ihò ni ilẹ̀kùn. Líńtẹ̀lì ló ń gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lókè ihò.

Mo rò pé ó máa dùn mí tí mo bá rí ilé yẹn. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo padà sílé tí mò ń gbé ní Mende.

Àìkú, 6 Òkúdù

Mo lọ kí Oyin ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ tó ń gbé. Ó bi mí bóyá wọ́n ti parí yàrá òun. Mo ní wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 9 Òkúdù

Dorothy níbi iṣẹ́ ní tí mi ò bá sunkún, á di àìsàn sí mi lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Òkúdù

Kíákíá ní oníbàárà náà ń bọ̀ wá wo ilé lọ́jọ́ Àìkú, kò sì fẹ́ bá ọparun kankan níbẹ̀. Kí n sọ fún Àtàndá kó yọ wọ́n. Kí n fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo gba Ìkòsí lọ.

Dẹ́kìn — òrùlé ìsàlẹ̀, òun náà ni ilẹ̀ òkè. Wọ́n á tẹ́ pákó, wọ́n á fi ọparun tì í lábẹ́, wọ́n á to irin sí i, wọ́n á wá da kọnkéré lé e lórí. Ọjọ́ kan ni wọ́n ń dà á, wọn kì í sinmi láàárín. Dayọ̀ wá sílé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú sìmẹ́ńtì nínú irun, inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ọparun — kì í ṣe ara ilé. Ó ń gbé dẹ́kìn dúró títí kọnkéré á fi le, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́. Mo bèèrè pé tí kò bá le ńkọ́. Ọ̀gá Àtàndá ní á wá sílẹ̀ ni. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó da dẹ́kìn ló ń dúró sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọparun. Ẹni tí kò bá lè dúró, kò mọṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Òkúdù

Kíákíá ní kí n mú bírò dání lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní ó dáa. Bí wọ́n bá ní kí n bọ́ sínú kànga, bóyá ó dáa náà ni màá sọ.

Àbámẹ́ta, 19 Òkúdù

Ní Ìkòsí, àwọn káfíńtà méjì mú òòlù wọlé láti yọ ọparun. Ọ̀gá Àtàndá dúró sáàárín pálọ̀, ó káwọ́ gbera. Mo wọlé lọ dúró tì í.

Ó ní, “Mummy, ẹ bọ́ síta. Èmi nìkan ni mo fẹ́ dúró síbí.”

Mo bi í pé ilé ta ni. Ó sún fún mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, bó bá wó, kó wó. Mo rò ó bí èèyàn ṣe ń ro ohun tó máa sè lálẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn ọparun náà. Ọparun kan ṣubú, òmíràn tẹ̀ lé e. Eruku. Ó kù díẹ̀ kó tán, ni pákó ńlá kan já nínú yàrá kejì, ó balẹ̀ gbàà.

Mo sá. Ẹsẹ̀ ló gbé mi, èmi kọ́. Ìgbà tí mo mọ ibi tí mo wà, inú ẹrẹ̀ ni, bàtà kan ò sí lẹ́sẹ̀ mi, mo káwọ́ lórí, mo ń pariwo Jésù. Mo wẹ̀yìn. Dẹ́kìn wà níbi tó wà. Àtàndá ṣì dúró sábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn káfíńtà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún. Mo sunkún lójú gbogbo wọn, mo ń pe Dayọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Wọ́n fún mi ní píọ̀ wọ́tà.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo padà wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó wà lásán, mo sì pe Bùọ̀dá Abíọ́lá.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò ta ilé yìí mọ́.”

Wọ́n bèèrè ẹni tó máa parí rẹ̀. Mo ní mi ò tíì mọ̀. Wọ́n gé fóònù mọ́ mi létí.

Mo sá torí mi ò fẹ́ kú. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òwúrọ̀ yìí.