Màmá, Ẹ Má Dúró De Ẹ̀rọ Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mánṣẹ́sítà nílùú òyìnbó níbí, bí òtútù ò tilẹ̀ jẹ́ kí orúnkún mi ṣeé tẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi Ìyìọlá, tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ o. Ẹ̀yin ìyá ìjọ wa ní Ìlobù, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà sínú ìwé ìròyìn ìjọ, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ẹ̀yin náà.

Àárò yín ń sọ mí, Màmá. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú níbí báyìí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kókó kan wà lọ́yàn òsì yín láti ìgbà ìkórè àgbàdo. Wọ́n ní Àǹtí Bísí, àbúrò yín tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìfọ́n, fẹ́ mú yín lọ sí ọsibítù ńlá ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ dìde ní ìpàdé àwọn ìyá, ẹ ní ọmọ yín ń ṣe ẹ̀rọ tó ń rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, pé òun ló máa yẹ̀ yín wò, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá méjì mìíràn tí nǹkan ń ṣe lọ́yàn ní àwọn náà á dúró de ẹ̀rọ ọmọ Ìyá Ìyìọlá.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ bí ẹ ṣe ń fi mí yangàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, mo sì bú sẹ́kún. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Ẹ̀rìn sí Òṣogbo ni, gbogbo èrò ọkọ̀ ni ì bá ti máa bẹ̀ mí. Níbí, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Gbangba lẹ ti sọ̀rọ̀, Màmá, gbangba náà ni mo ti ń fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi bó ṣe rí. Ẹ mọ̀ pé rọ́bà ni wọ́n fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé wa. Irú rọ́bà kan wà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ni mo ń tẹ́ sórí wúrà tín-ín-rín, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lórí rẹ̀ ni mo ń to ohun kan sí, irú èyí tí ara fi ń dá àjèjì tó bá wọ inú rẹ̀ mọ̀. Jẹjẹrẹ máa ń tú àmì sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ohun tí mo tò bá di àmì náà mú, iná inú rọ́bà á yí padà díẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi hàn wá.

Nínú omi iyọ̀ tó mọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, mo jó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi ẹ̀jẹ̀ sí i, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rọ́ wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó di ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀ láàrin èrò tó ń tú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ó lè pariwo jẹjẹrẹ níbi tí kò sí, ó sì lè dákẹ́ níbi tó wà. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, sọ fún mi pé ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, pé ọwọ́ ẹlòmíì ló sì lè parí rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Ká tiẹ̀ ní ó ti parí, kókó tí ọwọ́ kò tíì lè bà ni à ń ṣe é fún. Ọwọ́ yín ti ba èyí. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ni, kì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé epo mọ́tò wọ́n. Mo mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì ò jẹ́ kí ọ̀nà Ìfọ́n dùn ún rìn fún ará Ìlobù. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Bísí wá pàdé yín ní Òṣogbo, kí ẹ jọ máa lọ. Owó páànù tí mo fi ránṣẹ́, òun ni kí ẹ fi wọkọ̀. Òrùlé tó ń jò lè ní sùúrù.

Ẹ rántí Kúmásì, ní ọdún 1969. Ìjọba Gánà ní kí àjèjì máa lọ, Bàbá ní ká dúró títí àwọn á fi rí ẹni ra ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà níbẹ̀, èyí tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún tu owó rẹ̀ jọ, tí ẹ máa ń faṣọ bò bí ọmọ tuntun. Ẹ ní ẹni tó bá wù kó dúró, ẹ̀yin ń kó ọmọ yín lọ sílé. Ẹ pọ̀n mí, ẹ fa Ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá dé lẹ́yìn wa, ọjà kankan ò tẹ̀ lé wọn.

Ẹ fi ẹ̀rọ tèmi náà sílẹ̀ lórí tábìlì, Màmá. Ẹ dìde, kí ẹ máa lọ.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bísí, ará ilé àti ará àdúgbò. Ẹ sọ fún ìyá méjèèjì yẹn pé mo ní kí wọ́n bá yín wọ ọkọ̀ kan náà.

Èmi ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n kúrò ní Kúmásì.