Mo Mọ̀ Pé Ebi Ń Pa Bàbá, Mo Sì Ní Kí Ọkọ̀ Máa Lọ

Mo rí òógùn lójú bàbá ọkọ mi, mo mọ ohun tó fà á, mo sì tún sọ fún ọkọ mi pé kó máa wakọ̀ lọ... Òun nìyẹn. Mo ti sọ ọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, kódà mi ò lè sọ ọ́ nínú àdúrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má bèèrè orúkọ mi. Tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì, Ẹgbẹ́dá ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun. Ọdún kẹfà rèé tá a ti ṣègbéyàwó, a ò tíì bímọ. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá.

Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù tí gbogbo ayé ń ra nǹkan, ọkọ mi náà ra Kómbì. Ló bá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá wo Èkó. Bàbá wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí à ń pè ní Àǹtí náà wá, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti dàgbà. Opó ni Àǹtí, ilé Bàbá ló ń gbé. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó", ẹnu mi ò gba "wọ́n". Kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ikùn mi ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó dáhùn ìkíni mi, èmi náà kórìíra rẹ̀, kí n má purọ́. Ọkọ mi ní òun á máa wakọ̀, kí èmi máa ṣètò oúnjẹ, torí Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ibi tí mo bá ní ká ti jẹun, ibẹ̀ lòun á dúró sí. Ó wá pè mí sínú yàrá, ó ní kí n má gbàgbé pé Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, pé tí wọ́n bá ti lo oògùn wọn láàárọ̀, wọn ò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó jẹun, dókítà kìlọ̀ ẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo se oúnjẹ bí ẹni tó ń se ti ọba. Ẹ̀wà tí mo rà n'Ìkòtún ni mo fi se mọ́ínmọ́ín, mo fi ẹyin àti ẹja sí i, mo ro ẹ̀fọ́, mo di ẹ̀kọ, mo ya ti Bàbá sọ́tọ̀. Mo ti ṣètò ẹ̀ pé ká kọ́kọ́ rìn yíká Ìdúmọ̀tà, ká wá lọ jẹun létí òkun ní Bá Bíìṣì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó ń lọ dáadáa, àfìgbà tí mo tẹ́ ẹní sórí yanrìn tí mo ń ṣí abọ́. Àǹtí fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó kó búrẹ́dì àti sàdíìnì jáde, ó ti rà á pamọ́ ká tó kúrò nílé.

"Èmi ò ní í jẹ oúnjẹ ẹni tí kò bímọ," ló wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ rora."

Àwọn ọmọ rẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo wo ọkọ mi... ẹ gbọ́, mo wo ọkọ mi. Ó nawọ́, ó gba búrẹ́dì. Ó padà sọ fún mi pé torí kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ni. Ìjà wo? Ṣé ó kù síbì kan ni? Bàbá nìkan ló ní kí n bu tàwọn wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bèèrè sí i. Èyí tó kù, mo dà á sókun, mò ń dà á, mò ń ṣépè fún wọn nínú mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní mi ò se nǹkan kan. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n ṣáà máa júwe ibi tá a ti máa jẹun. Mo gbà. Mo gbà torí mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Màá jẹ́ kí ebi pa Àǹtí dójú ẹ̀, títí tó fi máa fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀ mí. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá! A tètè jáde, Bàbá lo oògùn, ògì díẹ̀ ni wọ́n fi lé e. Apápá la lọ, wọ́n fẹ́ rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì, tí wọ́n tò lọ súà lójú òkun tí wọn ò ríbi já ẹrù sí. Wọ́n wò ó, wọ́n ya ẹnu. Oòrùn mú. Ọkọ mi ní ṣé ká jẹun, mo ní ibẹ̀ dọ̀tí. A dé Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, mo ní èrò ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ Àǹtí ń ráhùn, Àǹtí dijú mọ́rí, kò bẹ̀bẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo yíjú sẹ́yìn kí n lè wo ojú ẹ̀ dáadáa, ojú Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni mo rí. Òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ilé oúnjẹ kan wà níwájú wa, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, òórùn ọbẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ọkọ mi dẹ ẹsẹ̀ lórí mọ́tò. Mo ní kó máa lọ, èyí tó dáa ju ìyẹn lọ ń bẹ níwájú. Kí ló ṣe mí? Ṣé Èṣù ni? Mi ò rò pé Èṣù ni... Àǹtí ò tíì bẹ̀ mí ni.

A ò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi ṣubú lu èjìká Àǹtí. Èmi ni mo bọ́ sílẹ̀ tí mo sáré ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èmi ni mo rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Dókítà ní ohun tí mo fún wọn mu yẹn ló gbà wọ́n là. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ò gbé ṣíbí mọ́.

Àwọn àgbà ẹbí tó wà ní Dópẹ̀mú wá, wọ́n bèèrè ìdí tí ebi fi pa Bàbá tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Àǹtí fúnra wọn ló ròyìn ọ̀rọ̀ etí òkun. Gbogbo wọn bá pa ẹnu pọ̀ pé Àǹtí ló fà á, òun ni kò jẹ́ kí ìyàwó gbé oúnjẹ dání. Ti pé mo ń ní kí ọkọ̀ máa lọ, wọ́n ní ibi tó dáa ni mò ń wá fún Bàbá. Wọ́n ní tí wọ́n bá pé jọ lọ́dún Iléyá, àwọn á lé e kúrò nílé Bàbá. Mo jókòó níbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Níjẹta, Àǹtí wá bá mi nídìí iná, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Ìyàwó, bá mi bẹ̀ wọ́n," ló wí. "Èmi ni mo fa ebi yẹn."

Ó gbà á gbọ́! Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n má tàn yín, lẹ́yìn náà ni ẹnu mi korò, mi ò sì lè ní kó dìde. Tí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi á lé mi, Àǹtí á sì ní òun ti kìlọ̀ fún wọn nípa oúnjẹ ọwọ́ mi, á sì jàre. Tí mo bá dákẹ́, opó á ti inú ilé bàbá rẹ̀ jáde nítorí ohun tí mo ṣe. Ìkórìíra ẹ̀ ṣì wà nínú mi o, torí náà ẹ má sọ fún mi pé kí n fẹ́ràn ẹ̀, mi ò bèèrè ìyẹn. Ẹ ṣáà sọ èyí tí mo máa ṣe kí Iléyá tó dé. Ṣé níwájú gbogbo ẹbí ni kí n ti sọ ọ́, àbí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bàbá nìkan? Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀? Èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá ni wọ́n sọ fún ọkọ mi pé àwọn ò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, pé ọwọ́ mi làwọn fẹ́ ti máa jẹun títí àwọn á fi kú.