Ìyá Mi Kọ Ẹ̀gbẹ́ sí Kámẹ́rà

Adó-Èkìtì, Sátidé, 1956

Onífọ́tò ará Ìbàdàn tó wà lẹ́bàá Ọjà Ọba gbé fọ́tò ìyá mi wá lónìí. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a sin ín. Ìyá mi kò ya òmíràn rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ ya fọ́tò náà, ìyá mi fẹ́ kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún bí ti àwọn àgbà. Èmi ni mo lọ bẹ onífọ́tò ní kọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí ìyá mi rí tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pè é ní àgbá epo.

Onífọ́tò ní, "Màmá, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Ẹ fi ìborùn bo apá yẹn."

"Ṣé kámẹ́rà rẹ kò gbà mí ni?" Ìyá mi wò mí. "Fúnkẹ́, ṣé bó ṣe yẹ nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Nínú fọ́tò tó gbé wá, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ojú kan, etí kan, ọwọ́ kan. Bàbá ń bú onífọ́tò pé ìdajì ìyá wa ló yà. Kò mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi kékeré ní ta nìyí. Bàbá ní ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ náà yí fọ́tò náà sẹ́yìn, ó ń wá ìyókù rẹ̀.